Olóòtú, ọ̀rẹ́ kòríkòsùn kọ́ nìyẹn o

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ dẹ̀ kú ọ̀rọ̀ owó bẹntiróòlù àti iná tí kì í dúró, mo mọ̀ pé kéèyàn máa tẹ pépà jáde lásìkò tá a wà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra pépà yín lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ní Gate níbí n'Ìbàdàn, níbi tí mo ti ń ta páàtì mọ́tò tòkunbọ̀, mi ò dẹ̀ kọ lẹ́tà sí yín rí, torí èmi kì í ṣe ẹni tó ń kọ nǹkan, ìwé àwìn nìkan ni mo máa ń kọ. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá yìí ẹ mú mi bínú díẹ̀, mo wá rò ó pé ó sàn kí n sọ ọ́ síta ju kí n jókòó máa kùn sí kọ́sítọ́mà lọ.

Ìròyìn yẹn wà lójú ewé karùn-ún. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé ọ̀rẹ́ kòríkòsùn gbé ọ̀kadà ọ̀rẹ́ ẹ̀ tà, ó na pápá bora. Mo kà á dé ìsàlẹ̀. Kí ni mo bá níbẹ̀? Pé ilé ọtí làwọn ọmọkùnrin méjì yẹn ti pàdé, pé oṣù mẹ́ta péré ni wọ́n fi mọra, pé ẹni tó ni ọ̀kadà ò mọ orúkọ bàbá ẹnì kejì, kò mọlé ẹ̀, àdúgbò tíyẹn sọ pé òun ń gbé gan-an, irọ́ ni. Olóòtú, ẹ̀yin náà lẹ kọ gbogbo èyí sábẹ́ ìròyìn kan náà tẹ́ ẹ ti pè é ní kòríkòsùn. Ẹni téèyàn ò mọlé ẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ máa rí i kó tó sùn?

Torí ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ nìyẹn, kò fara pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kò rí i, kò sùn. Ẹni tó jẹ́ pé tílẹ̀ bá ti ṣú tó ò tíì fojú kàn án, oorun ò ní kùn ẹ́, wàá dìde, wàá ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà, wàá lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀ wò bóyá kò sí nǹkan. Àwọn tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ò sọ pé ẹni tẹ́ ẹ jọ ń mu bíà. Mo padà lọ wo àwọn pépà yín toṣù tó kọjá tí mo tò síbi tí mo máa ń tò wọ́n sí (ìyàwó mi ní kí n kó wọn dànù, mi ò gbà), mo rí i pé ẹ̀ẹ̀mẹfà lẹ lo kòríkòsùn tàbí tímọ́tímọ́, lẹ́ẹ̀marùn-ún nínú ẹ̀, ẹnì kan ti ja ẹnì kejì lólè tàbí ó ti gbà á níyàwó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló jẹ́ ọ̀rọ̀ rere, ìyẹn àwọn bàbá àgbà méjì tí wọ́n jọ ṣe ọjọ́ ìbí. Ẹ wò ó, ọmọ tó bá ń fi pépà yín kọ́ Yorùbá, ó máa rò pé iṣẹ́ kòríkòsùn ni kó máa jalè.

Mo mọ ohun tẹ́nì kan máa sọ, ó máa ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, pé ẹni tó súnmọ́ni náà ló máa ń ṣeni. Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Àwa náà ní ọ̀rọ̀ fún un, a máa ń ní ó dalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo dalẹ̀ yẹn náà dáadáa, ilẹ̀ wo ló dà? Láyé àwọn bàbá wa, bí èèyàn méjì bá fẹ́ fọkàn tán ara wọn lórí ọ̀rọ̀ tó wúwo, irú èyí tó jẹ́ pé bó bá jáde ẹ̀mí lè bá a lọ, wọn ò ní fẹnu lásán ṣe é, wọ́n á mulẹ̀ ni. Wọ́n á bu yẹ̀pẹ̀ sómi, obì á wà níbẹ̀, wọ́n á jọ fẹnu kàn án, ilẹ̀ á wá di ẹlẹ́rìí láàárín wọn, torí ilẹ̀ là ń tẹ̀, orí ilẹ̀ náà la ti ń sọ gbogbo ohun tá à ń sọ, òun náà ló dẹ̀ máa gba gbogbo wa nígbẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìmùlẹ̀. Ẹni tó bá wá sọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ nù, òun ló dalẹ̀, òun ni ọ̀dàlẹ̀, òun dẹ̀ ni wọ́n ń bá wí tí wọ́n bá ní ẹni bá dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ. Ọmọ tó gbé ọ̀kadà tà yẹn ò da ilẹ̀ kankan, kò sílẹ̀ láàárín wọn tó máa dà. Olè ni. Ẹ pè é lólè, kẹ́ ẹ fi kòríkòsùn sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó tiẹ̀ ká mi lára jù níbẹ̀, ẹ̀yin ò kọ ọ́ rárá. Ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mí, àwa tá a máa ń pe ilé ní ulé, tó bá jẹ́ pé ẹ gbóhùn mi ni ẹ ti máa mọ̀. Nílé tiwa, ọ̀rẹ́ wà, olùkù dẹ̀ wà, àwọn méjèèjì ò dọ́gba. Àwọn Ìjẹ̀ṣà náà ń sọ olùkù, mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará Oǹdó náà. Ọ̀rẹ́ lè pọ̀ bí eṣú. Olùkù ní tiẹ̀, tó o bá ti ní o ní ju méjì lọ, á jẹ́ pé irọ́ lò ń pa.

Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fẹnu ara mi lò ó, mi ò ju ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ. Ọmọ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì wa, bàbá ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ báǹkì, wọ́n ra bọ́ọ̀lù gidi fún un, kì í ṣe ti rọ́bà tí àwa ń gbá, kíá la ti di ẹni tó ń bára wa káàkiri. Mo mú un wálé, mo ní, màámi, olùkù mi nìyí o. Ìyá mi fún un ní iṣu sísun pẹ̀lú epo, wọ́n béèrè àwọn òbí ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n ṣe é lálejò dáadáa. Ìgbà tó lọ tán ni wọ́n wá pè mí sẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ ti jà rí?" Mo ní rárá o, a ò jà rí, inú mi tiẹ̀ ń dùn bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo rò pé ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Wọ́n ní, "Ọ̀rẹ́ ẹ nìyẹn. Ẹ jà ná. Tẹ́ ẹ bá jà tán, tí ò sọ ohun tó mọ̀ nípa ẹ síta lọ́jọ́ tínú ń bí i, o lè wá pè é lólùkù."

Kò pé oṣù méjì tá a jà, lórí bọ́ọ̀lù yẹn náà, ó dẹ̀ dúró lójú gbogbo kíláàsì, ó sọ fún wọn pé mo ṣì máa ń tọ̀ sórí ẹní. Òótọ́ dẹ̀ ni o. Ibi tó ti dùn mí nìyẹn.

Ìyá mi ní olùkù kan, ìyá kan tó ń ta iyọ̀ lọ́jà, Ìyá Oníyọ̀ la máa ń pè wọ́n. Kì í ṣe pé wọ́n máa ń wà papọ̀ ṣáá o, ẹlòmíì tó bá rí wọn ò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà láàárín wọn, wọn kì í ra ankọ́ kan náà lọ sóde, wọn kì í pariwo ara wọn. Ọdún kan tiẹ̀ wà tí wọn ò kíra wọn fún nǹkan bí oṣù mẹ́wàá, àwa ọmọ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ títí dòní, à ń rí i sáà pé tí ìyá mi bá fẹ́ ra iyọ̀, èmi ni wọ́n ń rán, wọ́n á dẹ̀ ní kí n lọ sọ́dọ̀ Ìyá Oníyọ̀ náà, kí n má lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ìjà náà parí bó ṣe bẹ̀rẹ̀, a ò mọ̀ ọ́n.

Ìyá mi kú lọ́dún 1998. Àwa ọmọ mẹ́fà jókòó ní pálọ̀, à ń ṣírò pósí, à ń ṣírò màlúù, ohùn ti ń ga, ẹ mọ bí ìpàdé ìsìnkú ṣe máa ń rí. Alẹ́ ni Ìyá Oníyọ̀ wọlé, wọn ò jókòó, wọ́n tú ìdí ìró wọn, wọ́n gbé aṣọ kan tí wọ́n so ní kókó sórí tábìlì. Wọ́n ní owó pósí ìyá yín rèé, ọdún mẹ́fà ló fi ń kó o fún mi díẹ̀díẹ̀, bó bá ti ta ọjà tán ló ń mú un wá. Wọ́n wá ní obìnrin kan wà ní Ọ̀yẹ́ tí ìyá yín jẹ lówó àpò gààrí méjì, mo ti yọ ìyẹn kúrò nínú ẹ̀, mo ti lọ san án láàárọ̀ yìí, kí ẹnikẹ́ni má wá pariwo lórí òkú ẹ̀. Kò sí ìwé kankan. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ akọ̀wé ìjọba, ẹni tí kì í gba nǹkan láìsí rìsíìtì, bá dá ọgbọ́n, ó ní màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, báwo la ṣe máa mọ iye tó jẹ́ gan-an. Ìyá Oníyọ̀ wò ó, wọn ò bínú. Wọ́n ní, "Bí mo bá fẹ́ jẹ gbogbo ẹ̀, ta ni ì bá bi mí?"

Ẹnu wa wọhò. Àwa mẹ́fà tí ìyá yẹn bí, tó tọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó lówó níbì kan, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó jẹ gbèsè. Oníyọ̀ mọ owó ẹ̀, ó mọ gbèsè ẹ̀, ó mọ méjèèjì jálẹ̀ oṣù mẹ́wàá tí wọn ò fi kíra wọn, kò dẹ̀ fìkan nínú ẹ̀ bú u. Ìyẹn lèmi mọ̀ sí olùkù. Ẹ wá sọ fún mi, olóòtú, ọmọ ilé ọtí yẹn ńkọ́?

Mi ò sọ pé Èkìtì nìkan ló ní ọ̀rọ̀ o. Níbí n'Ìbàdàn mo bá alábàárò, mo dẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ẹni téèyàn ní tó lè bá rò. Ẹ wo "rò" yẹn, a máa ń ro nǹkan nínú, a dẹ̀ tún máa ń ro ẹjọ́ síta, ẹnu ọ̀rọ̀ kan náà ló mú méjèèjì. Alábàárò lẹni tó o lè gbé ọ̀rọ̀ lọ bá nígbà tó o ṣì ń rò ó, tí kò tíì jinná, tó ṣeé ṣe kó o sọ ohun tí kò bọ́gbọ́n mu rárá, kò ní mú un lọ ibì kankan. Tọkọtaya mìíì wà lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà tí wọn kì í ṣe alábàárò ara wọn, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀. Àwé tí wọ́n ń sọ níbí náà dáa, àmọ́ àwé ò wọ́n, ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ ní Ọjà Ọba náà, àwé ni, "àwé, má bínú."

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ní padi, wọ́n ní èèyàn mi, wọ́n ní bẹ́sítì. Ọmọ mi obìnrin ní bẹ́sítì méje. Mo ní kí ló dé tó jẹ́ méje, mo rò pé bẹ́sítì yẹn ọ̀kan ló yẹ kó jẹ́, ó ní dádì ẹ ò mọ̀ ọ́n, olúkálùkù ló ní ohun tó wà fún. Kí n sòótọ́, ìdáhùn yẹn ò burú, ó fi mí lọ́kàn balẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, torí ó túmọ̀ sí pé òun náà mọ̀ pé kò sí èyí tóun lè kó gbogbo ẹ̀ fún. Padi ní tiẹ̀ kì í parọ́. Ẹni tó bá ní padi mi ni, ó ti sọ fún ẹ pé wọ́n jọ ń ṣeré ni, kò sọ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ lo padi fún ọmọ ọ̀kadà yẹn tẹ́ ẹ bá fẹ́, mi ò ní kọ lẹ́tà.

Ohun kejì tó gbé mi dórí kọ̀ǹpútà yìí (àbúrò mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́, òun kọ́ ìtàn ní yunifásítì, àwọn ọdún tẹ́ ẹ máa rí nísàlẹ̀ yìí, òun ló bá mi wá wọn) ni lẹ́tà tẹ́ ẹ gbé jáde ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, níbi tí ọ̀gbẹ́ni kan ti kọ̀wé pé kò sí àríyànjiyàn kankan mọ́, pé Lukumí tí wọ́n ń pe àwọn èèyàn wa ní Kúbà, "olùkù mi" ni, pé bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ni wọ́n ń na ọwọ́ síra wọn tí wọ́n ń ké olùkù mi, olùkù mi. Mo ka ìyẹn, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi, torí ọ̀rọ̀ ulé wa nìyẹn. Ìgbà tí mo nu ojú tán ni mo wá bi ara mi pé ta ló wà níbẹ̀ tó gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká rọra. Ọdún 1627 ni àlùfáà Kátólíìkì kan tó ń jẹ́ Alonso de Sandoval tẹ ìwé jáde lórí àwọn ẹrú tí wọ́n ń já kalẹ̀ ní Cartagena, ní ilẹ̀ tó di Kòlóńbíà lónìí, orúkọ Lucumí ti wà nínú ẹ̀ nígbà yẹn. Lọ́dún 1668 Olfert Dapper, ará ilẹ̀ Netherlands, kọ tiẹ̀ nípa Áfíríkà, ó dárúkọ ìjọba kan tó pè ní Ulkami. Ìgbà tí àwọn èèyàn wa wá kún inú ọkọ̀ Kúbà fọ́fọ́, ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni, lẹ́yìn tí ogun ti tú Ọ̀yọ́ ká, ìyẹn nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn ìwé àlùfáà yẹn. Ìdí nìyẹn táwọn onímọ̀ kan fi ń sọ pé orúkọ ìjọba àtijọ́ yẹn ni wọ́n sọ di Lucumí, àwọn mìíì dẹ̀ ní olùkù mi ni. Ọ̀gbẹ́ni tó kọ lẹ́tà ò sọ ìyẹn fún wa, ó fi ìdajì lé wa lọ́wọ́.

Tẹ́ ẹ bá wá bi èmi pé èwo ni mo mú, ọkàn mi ń lọ sọ́dọ̀ olùkù mi, kì í ṣe torí pé ó dùn nìkan o. Ẹ wo Sàró. Àwọn Yorùbá táwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí wọ́n kó lọ sí Freetown, irú Àjàyí Crowther tí wọ́n gbé débẹ̀ lọ́dún 1822, kí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀? Aku. Torí kí ni? Torí gbogbo ìgbà ni wọ́n ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìrọ́jú. Àjèjì máa ń fi ohun tó bá ń gbọ́ lẹ́nu èèyàn jù sọ ọ́ lórúkọ, ẹ̀yin náà ẹ wo bá a ṣe ń ṣe é fáwọn ẹlòmíì. Tí àwọn kan bá ń pera wọn ní olùkù mi láàárọ̀ lálẹ́, kí ló dé tí ò fi lè di orúkọ wọn? A dẹ̀ ní ẹ̀rí ẹ̀ nítòsí. Ní Ìpínlẹ̀ Delta, ní Aniocha North, ẹ dé Ugbodu, ẹ dé Ukwu-Nzu, Ìgbò ló yí wọn ká, wọ́n dẹ̀ ń sọ Ìgbò dáadáa, ṣùgbọ́n èdè tí wọ́n bá láyé jẹ́ ọmọ ìyá Yorùbá, Olùkùmi lorúkọ èdè náà, Olùkùmi làwọn náà ń pera wọn. Wọn ò wọkọ̀ ẹrú. Wọ́n wà lórí ilẹ̀ wọn. Ó máa ń ya èmi lẹ́nu pé a máa ń fò kọjá orí wọn lọ wá olùkù mi dé Havana, nígbà tó jẹ́ pé téèyàn bá gbéra n'Ìbàdàn láàárọ̀, yóò débẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú, bí ojú ọ̀nà bá fẹ́.

Síbẹ̀ náà, mi ò ní fi ariwo tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́ sẹ́nu àwọn òkú. Ohun tá a mọ̀ pé wọ́n pera wọn wà, ó dẹ̀ tó ọ̀rọ̀. Ní Kúbà, ẹni tẹ́ ẹ jọ wọkọ̀ kan náà wá, carabela lẹ máa ń pera yín, ọkọ̀ ojú omi lọ̀rọ̀ yẹn. Ní Bùràsíìlì, malungo ni, látẹnu àwọn ará Kóńgò àti Àǹgólà ló ti wá. Ní Jàmáíkà wọ́n mú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, shipmate. Ní Suriname, sibi. Ẹ wò ó, ibi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èdè mẹ́rin, àwọn tí wọn ò ríra wọn sójú, gbogbo wọn ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹni kan náà, ẹni tó mọ bó o ṣe sunkún nísàlẹ̀ ọkọ̀. Ní Jàmáíkà ó lágbára débi pé wọ́n ka ara wọn sí ọmọ ìyá, kí wọ́n fẹ́ ara wọn dà bí èèwọ̀. Wọn ò bára wọn tan rárá, Ìjẹ̀ṣà lè wà níbẹ̀, Hausa lè wà níbẹ̀, Kóńgò lè wà níbẹ̀. Ìyá mi ì bá ní wọ́n ti jà. Wọ́n ti jà tán kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀.

Nínú oṣù kọkànlá ọdún 1843, àwọn ẹrú dìde sáwọn ọ̀gá wọn ní oko ìrèké Triunvirato ní Matanzas, ní Kúbà. Obìnrin kan wà lára àwọn tó ṣáájú, Carlota, wọ́n kọ Lucumí mọ́ orúkọ ẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń kọ orílẹ̀-èdè ẹrú mọ́ orúkọ ẹ̀ nígbà yẹn, wọ́n dẹ̀ pa á nínú ìjà náà. Ìjọba Kúbà fi orúkọ ẹ̀ sọ ogun tí wọ́n lọ jà ní Àǹgólà lọ́dún 1975. Ohun tí mo máa ń rò tí mo bá rántí obìnrin yẹn ò pọ̀. Ẹni tó fẹ́ dìtẹ̀ mọ́ ọ̀gá tó ní ìbọn, tó ní ajá, tó lè fi òmìnira tan ẹnikẹ́ni kó lè tú àṣírí, ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún? Ó ní láti sọ ọ́ fẹ́nì kan. Kò lè jẹ́ bẹ́sítì. Ẹni yẹn, ohunkóhun tí wọ́n bá ń pè é, carabela ni o, olùkù ni o, ó gbọ́, ó dákẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹ má wò ó pé mo lọ jìnnà. Ìrìn yẹn náà ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ojú ewé karùn-ún yẹn máa ta mí lára. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún, tí wọ́n gba èdè lẹ́nu wọn, tí oko ẹrú ò tán ní Kúbà títí di 1886, wọ́n ṣì ń sọ omi tuto títí dòní tí wọ́n bá ń ta omi sílẹ̀ fún òrìṣà, wọ́n ṣì ń kí àgbà ní moforibale, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní tíátà, tẹ́ ẹ ní rédíò, tẹ́ ẹ ní pépà, ẹ mú kòríkòsùn, ẹ fún olè ọ̀kadà.

Ohun tí mò ń bẹ̀ yín ò le. Tó bá jẹ́ pé wọ́n kàn mọra ni, ojúlùmọ̀ wà, kò ṣàìsàn. Tí wọ́n bá jọ ń gbé yàrá kan náà, alábàágbé ni. Tó jẹ́ ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti mọra, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, "ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́," á yé òǹkàwé. Tẹ́ ẹ bá wá rí ibi tí ẹnì kan ti da ẹni tó mọ̀ ọ́n látilẹ̀, tí wọ́n ti jọ rí ojú ọ̀run rí, ẹ kọ kòríkòsùn gàdàgbà nígbà yẹn, ẹ kọ ọ́ ní pupa, ká lè mọ̀ pé nǹkan burúkú ti ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, nítorí bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é yìí, a ò ní í mọ ìyàtọ̀ mọ́. Kẹ́ ẹ dẹ̀ bá wa fi olùkù sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe èdè àjèjì, ẹ máa bá a nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́fíìsì yẹn, mo mọ̀ pé ọmọ Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù nínú yín, ẹ ò lè sẹ́.

Èmi náà ní olùkù kan. Ọmọ Ìṣẹ́yìn ni, táyà ló ń tà, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ dojú kọ tèmi. Ọdún kan, àwa méjèèjì jọ dá owó ra ẹ́ńjìnnì méjì, ọ̀kan kú sí wa lọ́wọ́, èmi ní tiẹ̀ ni, ó ní tèmi ni, a ò bára wa sọ̀rọ̀ fún oṣù mẹ́jọ. Inú oṣù mẹ́jọ yẹn ni wọ́n dá mi dúró sí ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọṣẹ́ mi wá sọ fún mi nígbà tí mo jáde pé láràárọ̀ ni bàbá onítáyà ń wá, tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, tí wọ́n ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù títí tóun á fi dé, tí owó ọjà bá wọlé wọ́n á ní kóun kà á lójú àwọn. Mo dé, mo kí i, kò dáhùn. Ó tún tó oṣù mẹ́ta kó tó dáhùn.

Òun ni mo fún ní lẹ́tà yìí pé kó kà kí n tó fi ránṣẹ́. Ó yọ gíláàsì ẹ̀ jáde, ó kà á láti òkè délẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀. Mo ti kọ nǹkan kan síbẹ̀ nípa ìdí tó fi kúrò n'Ìṣẹ́yìn, ó fi bírò fagi lé e, ó ní kí n yọ ìyẹn. Mo ní ti ìtọ̀ orí ẹní ńkọ́? Ó ní kí n fìyẹn sílẹ̀, kò pa òun lára.

Mo ti yọ ọ́.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ra pépà yín ní Gate, Ìbàdàn.